Olóògbé Teslim Balógun, Agbábọ́ọ̀lù tí Ayé ń Pè ní Thunder

Lọ́dọọdún ni ìwé ẹgbẹ́ wa yìí ń sọ ìtàn ẹnì kan tí ó ti fi ilẹ̀ ṣe aṣọ bora, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò bá a wọ ilẹ̀. Ní ọdún yìí agbábọ́ọ̀lù ni ó kàn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà kan nínú wa béèrè ohun tí ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún omi, ọ̀nà àti ilé ìwé ń wá ní ìdí bọ́ọ̀lù. Ìdáhùn wa ni pé ìtàn Teslim Balógun kì í ṣe ìtàn eré nìkan. Ìtàn iṣẹ́ ni pẹ̀lú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀bùn nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà tí kò sí ẹni tí ó ń sanwó fún irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ó wá ọ̀nà tí yóò fi sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi, ó sì rìn jìnnà kí ó tó rí i. Àwa tí a jẹ́ ọmọ agbègbè Ìkẹjà àti Agége, tí fèrè ilé-iṣẹ́ ti ń jí láti kékeré, kò yẹ kí ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa.

Ìlú Èkó ni a bí i sí, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1931. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Tesilimi Ọláwálé Àyìndé Balógun. Àyìndé ni oríkì, ẹni tí a yìn kí ó tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún un, nítorí pé kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ìyìn ti ń tẹ̀lé e láti pápá kan dé òmíràn. Thunder, èyí tí í ṣe àrá, ni orúkọ tí àwọn òǹwòran fún un nítorí bí ó ti ń ta bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀, a kì í rí ọ̀nà tí ó gbà. Àwọ̀n tí ó mì ni a ń rí.

Kí ọ̀dọ́ tí ń ka èyí tó lè mọ irú ọjà tí Teslim ná, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ní ìgbà náà kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Èkó tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí òwò. Ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù, òṣìṣẹ́ ni. Reluwé ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta; Marine, tí ń ṣe ìtọ́jú ọkọ̀ ojú omi ìjọba, ní tirẹ̀; àwọn ọlọ́pàá, P.W.D., àwọn oníná mànàmáná, ilé ìfìwéránṣẹ́, UAC, SCOA, gbogbo wọn ni ó ní aṣọ àti àwọ̀ tí a fi ń mọ̀ wọ́n lórí pápá. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, yóò wá iṣẹ́ fún un: akọ̀wé kékeré, ẹni tí ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, tàbí ẹni tí ń ka irin iṣẹ́ jáde tí ó sì ń kà á wọlé. Ní òwúrọ̀ ọmọ náà wà ní ẹnu iṣẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ ó wà ní pápá. Ní ìparí oṣù owó iṣẹ́ ni yóò gbà, kì í ṣe owó bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́, iṣẹ́ náà lè bá a ṣẹ́.

Ní ọdún 1945 ni a bẹ̀rẹ̀ ìdíje Ife Gómìnà, tí a wá ń pè ní Ife Challenge nígbà tí ó yá. Marine ni ó kọ́kọ́ gbà á. Pápá King George V ní Oníkan ni gbogbo ojú ń wò ní ìgbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wo eré láti ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín yóò wọ reluwé ní Agége tàbí ní Ìkẹjà, yóò sọ̀ ní Ìddó, yóò sì gba orí Afárá Carter wọ Èkó. Agége ṣì jẹ́ ilẹ̀ olóko obì nígbà náà, Ìkẹjà kò sì tíì di ilé ẹ̀rọ. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni a wà, a kò sì darapọ̀ mọ́ Èkó nínú ìpínlẹ̀ kan títí di ọdún 1967.

Nínú ọjà yìí, Teslim kò pẹ́ ní ibì kan. Ó gbá fún Apapa Bombers, ó gbá fún Marine, fún UAC, fún Reluwé, fún ẹgbẹ́ ìlú Jos, fún Pan Bank, fún Dynamo àti fún SCOA. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé aláìdúró-sójú-kan ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ iyì ọwọ́ ara rẹ̀ a máa lọ sí ibi tí a ti mọ̀ ọ́n. Káfíńtà ń ṣe é, mẹkáníìkì ń ṣe é, a kò sì bú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kíkúrò tirẹ̀ ni a ń sọ ní gbogbo ibùdókọ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá gbà á ti gba góòlù pẹ̀lú. Nígbà tí Pan Bank na Warri ní 6 sí 1 ní àṣekágbá ife ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kò sí ẹni tí ó tún ń béèrè ìdí tí ilé owó fi ń wá agbábọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yí ojú rẹ̀ padà ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949, ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Apapa gbé agbábọ́ọ̀lù 18 láti Nàìjíríà lọ sí Liverpool. Etim Henshaw ni olórí wọn. Jack Finch, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí fún Fulham, ni olùkọ́ wọn. Ọmọ ọdún 18 ni Teslim nígbà tí ó wọ ọkọ̀ náà. Láti ìhà gbogbo ni a ti ṣà wọ́n jọ, òṣìṣẹ́ sì ni wọ́n, tí àwọn ọ̀gá wọn yọ̀ǹda fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí ó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu jù lọ ni ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Wọ́n fi báńdéèjì di ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ìka ẹsẹ̀ wà ní gbangba. Ọdún kan ṣáájú, nínú ìdíje Òlíńpíìkì tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1948, àwọn ará Íńdíà ti ṣe irú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì kù kí wọ́n ṣẹ́gun Faransé, tí ó fi 2 sí 1 borí wọn. Àwọn kan ń rò pé òṣì ni ó fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó kọ́ bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn àti lórí amọ̀ gbígbẹ a máa fi ìka ẹsẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù bí ahunṣọ ti ń fi ìka ọwọ́ mọ òwú. Bàtà ìgbà náà, tí awọ rẹ̀ le bí igi, a máa bo ìmọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n koríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe iyanrìn Èkó. Bí òjò bá ti pa á, a máa yọ̀, ẹni tí kò wọ bàtà kò sì ní ohun tí yóò fi di ilẹ̀ mú.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé wà ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Marine, bí ẹni pé ti Èkó ni ó ṣáájú wọn dé ibẹ̀. Wọ́n nà án ní 5 sí 2. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà le. Nínú eré mẹ́sàn-án tí wọ́n gbá, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì pàdánù márùn-ún. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti fi 2 sí òdo borí Sierra Leone ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1949. Eré yẹn ni a ń kà sí àkọ́kọ́ nínú àwọn eré tí orílẹ̀-èdè wa bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Àwọn tí ó ń ka ìṣẹ́gun nìkan lè sọ pé ìrìn àjò náà kò mú nǹkan wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ìhà ti ọmọ ọdún 18. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí wọn kì í ṣe akọ̀wé, tí wọn kì í ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ wọn, a ń kọ ìwé àdéhùn fún wọn, a sì ń sanwó fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò lówó bí ó ti lówó lónìí: òfin wà tí ó sọ pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ san ju iye kan lọ, nígbà tí a sì pa òfin náà rẹ́ ní ọdún 1961, ogún pọ́ùn ní ọ̀sẹ̀ ni ó dé. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó ní orúkọ ni. Èmi gbà pé láti ìgbà tí Teslim ti rí i pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, ohun tí gbogbo ilé-iṣẹ́ Èkó ń fi lọ̀ ọ́ kò lè tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́.

Ó padà sílé, ó sì tún gbá fún ọdún mẹ́fà. Ìgbà náà ni ìdíje láàárín Nàìjíríà àti Gold Coast, tí ó di Gánà ní ọdún 1957, ń gbóná. Àwọn àgbà wa tí ó rántí mọ̀ pé eré yẹn ju eré lọ. Bí a bá nà wọ́n, Èkó kò ní sùn, bí wọ́n bá nà wá, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn ẹnì kejì ní ilé. Teslim jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a gbẹ́kẹ̀ lé ní iwájú.

Ní ọdún 1955, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì tún kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe bí àlejò mọ́ bí kò ṣe bí ẹni tí ń wá iṣẹ́. Titus Okere, tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ní 1949, ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí Swindon Town, ṣùgbọ́n kò rí àyè gbá nínú eré líìgì. Peterborough United ni Teslim kọ́kọ́ lọ. George Swindin ni olùdarí ibẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò sì tíì wọ inú líìgì ńlá. Ọdún 1960 ni a tó gbà wọ́n sí i. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Skegness Town, ní ìlú kan tí ó wà ní etí òkun, tí àwọn òyìnbó máa ń lọ gbafẹ́ sí ní ìgbà ooru. A kò gbọdọ̀ yára kọjá ibí yìí. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń mi pápá Oníkan tìtì, tí kò lè rìn láàárín ọjà kí ènìyàn má rọ́ tẹ̀lé e, ni ó wà ní ìlú kékeré tí afẹ́fẹ́ òkun tútù ti ń fẹ́, láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ pè. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi, tí ẹ fi ìwé ẹ̀rí ńlá sílẹ̀ ní ilé tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní ibòmíràn, ẹ̀yin ni ó lè sọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń gùn tó.

Kò padà sẹ́yìn. Ní ọdún 1956, Queens Park Rangers ti Lọ́ńdọ̀nù gbà á. Ìpele kẹta ìhà gúúsù ni ẹgbẹ́ náà wà nínú líìgì nígbà náà. Pápá wọn wà ní Loftus Road, ní àdúgbò Shepherd's Bush, ibi tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ń gbà kọjá lọ sí ọjà láìmọ̀ pé ọmọ Èkó kan ti làágùn níbẹ̀ ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn tàbí bẹ́ẹ̀. Nínú eré líìgì, ó gbá 13 fún wọn, ó sì jẹ góòlù mẹ́ta.

Mẹ́ta nínú mẹ́tàlá kò pọ̀ fún ẹni tí à ń pè ní àrá, a kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo iye náà. Bàtà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí. Ẹrẹ̀ ìgbà òtútù ibẹ̀ a máa wúwo, bọ́ọ̀lù aláwọ tí ó ti mu omi a sì máa wúwo jù ú lọ. Àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn níbẹ̀ jẹ́ alágbára ènìyàn tí wọn kì í fún ẹni ní àyè láti gbé ẹsẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wọn ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ fi mẹ́ta yẹn nìkan wọ̀n ọ́n. Mẹ́tàlá ni kí ó wò. Òun ni a ń kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Elkanah Onyeali tẹ̀lé e ní Tranmere Rovers ní ọdún 1960, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà sì là títí tí ó fi di òpópó tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Nígbà tí Teslim kọ́kọ́ gbà á, igbó ni.

Lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, ó gbá díẹ̀ fún Holbeach United, ó sì padà wálé.

Ohun tí ó mú bọ̀ kì í ṣe owó. Iṣẹ́ ni ó mú bọ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ bọ́ọ̀lù, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. A máa ń kà á mọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ní ojú tèmi, ìhà yìí nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni a kì í sọ tó. Góòlù a máa parí ní ọjọ́ tí a jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ mẹ́wàá bí a ti ń gbé ara lé ẹsẹ̀ kan kí a tó fi èkejì ta bọ́ọ̀lù ti gbin ohun tí yóò hù lẹ́yìn rẹ̀. Àsìkò náà kò sì rọrùn fún irú rẹ̀. Òyìnbó ni ìjọba sábà máa ń wá láti tọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà: a mú ọ̀kan wá láti Ísírẹ́lì, a mú òmíràn wá láti Hungary. Dan Anyiam, tí òun náà wà nínú ọkọ̀ ti 1949, di ipò náà mú fún ìgbà díẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960, a sì tún padà sí Hungary. A ti gba òmìnira ní 1960, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìmọ̀ bọ́ọ̀lù kò tíì gba tirẹ̀.

Ní ọdún 1968, Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Mexico fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú bọ́ọ̀lù. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní ilé. Teslim wà lára àwọn olùkọ́ tí ó tọ́ ẹgbẹ́ náà. Japan nà wá ní 3 sí 1, Kamamoto sì ni ó jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Spain nà wá ní 3 sí òdo. Lẹ́yìn náà ni a bá Brazil pàdé, tí gbogbo ènìyàn ti ka òkú wa sílẹ̀, a sì ta ọ̀mì 3 sí 3. Ọkùnrin tí ó wọ ọkọ̀ Apapa ní 1949 rí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sínú àwọ̀n Brazil.

Ó kù díẹ̀ kí n sọ nípa agbègbè tiwa. Ní àwọn ọdún tí Teslim wà ní ilẹ̀ òkèèrè àti lẹ́yìn tí ó padà dé, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́. Guinness kọ́ ilé ìpọntí rẹ̀ síbẹ̀ ní 1962, Dunlop ń ṣe táyà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ti Agége wọ iṣẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù pẹ̀lú búrẹ́dì Agége ní ọwọ́. Àṣà àtijọ́ yẹn, pé kí ilé-iṣẹ́ ní pápá àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, bá àwọn ilé ẹ̀rọ náà rìn. Nísinsin yìí púpọ̀ nínú wọn ti palẹ̀ mọ́. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2008, àwọn mìíràn di ilé ìkẹ́rùsí tàbí ilé ìjọsìn. Bí ilé-iṣẹ́ ti ń lọ ni pápá rẹ̀ ń bá a lọ. Ọmọ Agége tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára lónìí kò rí ọ̀gá tí yóò fi iṣẹ́ akọ̀wé lọ̀ ọ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Aṣojú tí ń gbà owó lọ́wọ́ òbí rẹ̀ láti mú un lọ sí Yúróòpù ni ó ń rí. Ẹ̀yin òbí, ẹ kíyè sí irú àwọn wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ gba Teslim ní 1956 ni ó ń sanwó fún un. Kì í ṣe òun ni ó sanwó fún wọn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1972, Teslim Balógun kú. Ẹni ọdún 41 péré ni. Pápá ìṣeré ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè ni a ń múra sílẹ̀ nígbà náà fún ìdíje gbogbo Áfíríkà, tí a ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 1973. Nàìjíríà gba wúrà bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó na Guinea ní 2 sí òdo ní àṣekágbá. Oṣù mẹ́fà ni ikú fi gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1984, nígbà ìṣèjọba Gbọ́láhàn Mùdáṣírù, Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ yẹn gan-an, a sì wá fi orúkọ Teslim pè é. Iṣẹ́ náà dúró. Ìjọba kan dé, ó lọ, òmíràn dé, ó lọ, koríko hù láàárín kọnkéré, àwọn tí wọ́n rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dọ́ ti ń bí ọmọ kí òrùlé tó bò ó. Ọdún 2007 ni a tó ṣí i, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, pẹ̀lú àyè ìjókòó tí ó lé ní 24,000. Ní 2009, àwọn ọmọdé agbábọ́ọ̀lù láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá gbá níbẹ̀ nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ. Pápá ìjọba àpapọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbó fún ọdún púpọ̀ láìrí ẹni tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ti Balógun ni eré ń lọ sí. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Agége tàbí Ìkẹjà lọ sí ìhà ibẹ̀ ní ọjọ́ eré kò ní láti sọ orúkọ pápá náà tán; Teslim nìkan ni yóò sọ, awakọ̀ yóò sì mọ ibi tí yóò já a sí.